Ọkọ̀ Kejì Tó Lọ sí Mitilénì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi méjì kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Mo ń ṣiṣẹ́, ó ń bẹ lọ́kàn mi. Mo dùbúlẹ̀ láti sùn, òun náà ni mò ń rò. Ọkọ̀ méjèèjì gbéra ní Áténì, nílẹ̀ Gíríìsì, ní ọdún 427 ṣáájú ìbí Jésù. Èyí àkọ́kọ́ gbé ikú dání. Èkejì ń lé e lọ kó lè dá ikú náà dúró. Kì í ṣe èyí tó sáré ló ń dà mí láàmú, ohun tó mú un sáré yé mi yékéyéké. Ti àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀: kí ló dé tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò fi yára?

Bí wọ́n bá ń kọ́ wa nípa ọ̀làjú ilẹ̀ Yúróòpù, kò sí bí wọn ò ṣe ní fẹnu ba ìjọba tiwa-n-tiwa. Wọ́n á tọ́ka sí Áténì, wọ́n á dárúkọ Pericles, aṣáájú ìlú náà, wọ́n á ní ibẹ̀ ni mẹ̀kúnnù ti kọ́kọ́ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìlú, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ó parí. N kò ní tún ìyẹn rò. Ọjọ́ méjì péré nínú ìtàn ìlú yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó dá mi lójú pé ọjọ́ méjì ọ̀hún fi ohun tí ìjọba tiwa-n-tiwa jẹ́ hàn ju gbogbo ìyìn tí wọ́n ń kó lé e lórí lọ.

Ìbínú ọjọ́ kìn-ín-ní

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á ti bá orúkọ Mitilénì pàdé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti gbà kọjá. Orí erékùṣù Lesbos ló wà, ní òdìkejì etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Tipẹ́tipẹ́ kí Pọ́ọ̀lù tó débẹ̀, Mitilénì wà lẹ́yìn Áténì nínú ogun tí Áténì ń bá Sparta, ìlú Gíríìsì mìíràn, jà. Ipò rẹ̀ sì dáa. Ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lábẹ́ Áténì ló ń san owó òde, àmọ́ Mitilénì ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀, ọkọ̀ ló ń fi ṣèrànwọ́, kì í san owó. Ní 428, àwọn ọlọ́lá tó ń ṣàkóso ìlú náà dìtẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sparta, Sparta sì ṣèlérí ọkọ̀ ogun fún wọn.

Ìgbà tí wọ́n dìtẹ̀ yìí, ojú ti pọ́n Áténì. Àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ìlú láti 430, ó ti pa Pericles fúnra rẹ̀ ní 429. Owó ń tán nínú àpò ìlú débi pé wọ́n ní láti bu 200 talenti, owó fàdákà tó pọ̀ gan-an, lé ara wọn lórí kí wọ́n tó lè rówó dó ti Mitilénì. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun tí wọ́n kó lé ọ̀gágun Paches lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn ló tu ọkọ̀ tó gbé wọn dé ojú ogun.

Ebi mú nínú ìlú. Ọkọ̀ Sparta kò dé. Ọmọ Sparta kan tó ń jẹ́ Salaethus, tó ti yọ́ wọ ìlú, ní kí wọ́n kó ohun ìjà lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, kí wọ́n jáde lọ bá Áténì jà. Bí ohun ìjà ṣe tẹ mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ tán, wọ́n ní àwọn ò jà. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́lá gbé oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ jáde kí gbogbo ìlú pín in jẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fa ìlú lé Áténì lọ́wọ́. Àyà àwọn ọlọ́lá já, wọ́n yáa túúbá fún Paches kí mẹ̀kúnnù má baà túúbá láìsí wọn níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù àti oúnjẹ yìí sọ́kàn, nítorí a ṣì máa padà bá a.

Paches kó àwọn tó gbà pé wọ́n ṣagbátẹrù ọ̀tẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Áténì pẹ̀lú Salaethus. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n pa Salaethus. Àwọn ọkùnrin onílùú wá péjọ sórí òkè Pnyx, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣèpàdé, inú wọn ń ru. Ẹni tí wọ́n fún lómìnira ju àwọn yòókù lọ ló dà wọ́n, òun náà ló tún fa ọkọ̀ ogun Sparta wọ òkun tí Áténì kà sí tirẹ̀. Cleon, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹnu wọn tólẹ̀ nínú ìlú, dá àbá, wọ́n nawọ́ sí i: kí wọ́n pa gbogbo ọkùnrin tó ti dàgbà ní Mitilénì, kí wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Kì í ṣe àwọn tó dìtẹ̀ nìkan. Gbogbo ọkùnrin, títí kan mẹ̀kúnnù tó kọ̀ láti jà. Ọkọ̀ kan gbéra láti lọ jíṣẹ́ fún Paches pé kó ṣe é kíákíá.

Ilẹ̀ mọ́

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara wọn wálẹ̀. Thucydides, ọmọ Áténì tó gbé ayé nígbà náà tó sì kọ ìtàn ogun yẹn sílẹ̀, sọ pé ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ìpinnu yẹn rorò, pé ó burú láti pa odidi ìlú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Àwọn ikọ̀ Mitilénì tó wà ní Áténì rí i pé ọkàn ti ń yí. Àwọn àti àwọn ará Áténì tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n tún ìpàdé pè. Àwọn aláṣẹ kò janpata. Wọ́n ti rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ aráàlú ń fẹ́ nìyẹn.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nígbàkigbà tí mo bá ń ka ìtàn náà. Kò sí ọba tó pàṣẹ kí wọ́n padà. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan lókè wọn tó lè fagi lé ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn kan náà tó nawọ́ lánàá ló ń fẹ́ jókòó tì í lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú ìpàdé ẹbí, ìpàdé ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, á mọ bó ṣe le tó láti dìde dúró kó sọ pé ohun tí a fẹnu kò sí lánàá kò dáa. Ojú á máa ti àwọn tó pariwo jù. Àwọn tó borí á máa wo ẹni náà bí ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa èèyàn ló ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé ká dúró ná.

Cleon ló dìde. Thucydides kò fẹ́ràn ọkùnrin yìí rárá, kò sì fi bò: ó ní òun ló rorò jù nínú àwọn onílùú, òun náà sì ni aráàlú ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu jù nígbà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ pẹ́ tóun ti mọ̀ pé ìjọba tiwa-n-tiwa kò lè jọba lórí ẹlòmíràn. Ó ní torí pé ẹ̀yin ń bára yín gbé láìfòyà, ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe pẹ̀lú àwọn tí ẹ fipá mú sìn. Ó ní òfin tí kò dáa tó ṣùgbọ́n tí kò yẹ̀ sàn fún ìlú ju òfin dáadáa tí kò rinlẹ̀ lọ. Ó bá wọn wí pé wọ́n ti sọ ìpàdé ìlú di òde ìran, pé ẹni tẹ́nu rẹ̀ dùn jù ni wọ́n ń wá gbọ́. Ó ní nǹkan mẹ́ta ló lè ba ìjọba wọn lórí àwọn ìlú yòókù jẹ́: àánú, adùn ọ̀rọ̀ àti ìforíjì.

Ọ̀rọ̀ òfin tí kò yẹ̀ yẹn, mo rò ó dáadáa, mo sì rí òótọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlú tí ìpinnu rẹ̀ ń yí láràárọ̀ kò ṣeé gbé. Ọlọ́jà kò ní mọ iye tó máa san níbodè, ẹlẹ́jọ́ kò ní mọ ohun tó máa bá nílé ẹjọ́. Àmọ́ Cleon fi ọgbọ́n yẹ ibì kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n pinnu lánàá kì í ṣe òfin. Àṣẹ kan ṣoṣo ni, lórí ìlú kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ìbínú gbé kalẹ̀ nínú ìpàdé kan ṣoṣo. Ó kàn gbé ẹ̀wù òfin wọ ìbínú ni. Ohun tó sì tún burú níbẹ̀ ni pé owó ibodè tí a gbé gẹṣin lónìí, a lè gbé e sọ̀ lọ́la. Ta ló máa dá ọkùnrin tí a ti bẹ́ lórí padà? Ibi tí àtúnṣe kò bá ti ṣeé ṣe gan-an ló yẹ kí àtúnrò ti pọ̀ jù.

Ẹni tó dá Cleon lóhùn ni Diodotus ọmọ Eucrates. Lẹ́yìn ọjọ́ yìí, Thucydides kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí ní nǹkan méjì ló ń ba ìmọ̀ràn rere jẹ́, ìkánjú àti ìbínú. Àwa náà ń sọ ọ́ nílé pé ìbínú ò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà, nítorí náà ọkàn mi fà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Mo wá ń retí kó bẹ̀bẹ̀ fún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò wá sọ̀rọ̀ àánú, òun kò tilẹ̀ wá jiyàn lórí bóyá wọ́n jẹ̀bi. Ohun tó máa ṣe Áténì láǹfààní lòun wá sọ.

Ó ní gbogbo ìlú ló ní ìjìyà ikú nínú òfin rẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yé dẹ́ṣẹ̀, nítorí ìrètí ń tan ẹ̀dá, ìfẹ́ ọkàn sì ń tì í síwájú. Ó ní bí ìlú tó dìtẹ̀ bá mọ̀ pé bóun túúbá ikú ni, bóun ò túúbá ikú ni, kò ní túúbá láé. Áténì á máa náwó lórí ogun, ìlú tó bá sì padà rí gbà á ti di ahoro tí kò lè san kọ́bọ̀. Ó wá kan mẹ̀kúnnù. Ó ní ní gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ yín, mẹ̀kúnnù ló ń fẹ́ tiyín. Ti Mitilénì kò bá wọn dìtẹ̀. Nígbà tí ohun ìjà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ìlú ni wọ́n fà lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá pa àwọn yìí pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́lá, ẹ ti bá gbogbo ọlọ́lá tó bá fẹ́ dìtẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ṣe é, nítorí mẹ̀kúnnù wọn á mọ̀ pé kò sí ìyàtọ̀ lójú yín láàárín ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá.

Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́ pé ẹni tó gba ẹ̀mí odidi ìlú là kò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìpànìyàn burú. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Cleon ti sọ àánú di ohun ìtìjú kí Diodotus tó dìde. Àwọn tí àánú ti gbé padà wá sórí òkè yẹn ní àárọ̀ kò lè sọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n ní òmùgọ̀. Diodotus fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè dì mú ní gbangba. Wọ́n nawọ́. Ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ti Diodotus ló borí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lára: lẹ́yìn tí wọ́n ti sun ún, tí wọ́n ti jí, tí wọ́n ti gbọ́ tọ̀tún tòsì, nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì fẹ́ pa wọ́n.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán atukọ̀

Ọkọ̀ ogun Áténì gùn, ó sì tín-ín-rín. Atukọ̀ 170 ló ń jókòó sínú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ìpele kan lórí èkejì, kálukú pẹ̀lú àjẹ̀ tirẹ̀ àti tìmùtìmù tó fi sábẹ́ ìdí. Bí a bá ka ọ̀gá ọkọ̀ àtàwọn ọmọ ogun mọ́ wọn, wọ́n máa ń tó 200. Kò sí àyè ìdáná nínú ọkọ̀ náà, kò sí àyè tí èèyàn lè nà gbalaja sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á fàbọ̀ sí etíkun, wọn á sọ̀ kalẹ̀ jẹun, wọn á sùn. Láti Áténì dé Mitilénì sì lé ní 300 kìlómítà lórí omi.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti fi nǹkan bí ọ̀sán kan àti òru kan ṣíwájú. Àwọn ikọ̀ Mitilénì gbé wáìnì àti ìyẹ̀fun ọkà bálì sínú ọkọ̀ kejì, wọ́n sì ṣèlérí ẹ̀bùn ńlá fún àwọn atukọ̀ bí wọ́n bá lè débẹ̀ lásìkò. Àwọn yẹn kò sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan. Ìyẹ̀fun náà ni wọ́n fi wáìnì àti òróró pò bí ìgbà tí èèyàn ń po àádùn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lórí ìjókòó, àjẹ̀ kò dúró. Àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń tukọ̀, wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Orí sì bá wọn ṣe é, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ dojú kọ wọ́n.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́? Thucydides kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn ní kò kánjú, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán an jẹ́ iṣẹ́ tó burú lójú.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ìgbà tí mo ronú lórí àwọn atukọ̀ yìí ló tó fara hàn mí bó ṣe jinlẹ̀ tó. Wọn kò lè kọ iṣẹ́ náà. Wọn kò lè yí ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo tó kù níkàáwọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa fa àjẹ̀ le tó, wọ́n sì rọra fà á.

Ta tilẹ̀ ni wọ́n? Àwọn àlejò wà lára atukọ̀ Áténì, ẹrú náà máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ mẹ̀kúnnù onílùú, àwọn tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì lówó ìhámọ́ra. Àwọn yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti nawọ́ lórí Pnyx gẹ́gẹ́ bí olówó ṣe ń ṣe, àjẹ̀ ló sì fún wọn ní ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìlú tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ró kò lè fojú di atukọ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí àwọn kan nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó nawọ́ sí àbá Cleon. Àwọn tí wọ́n ń gbé ikú lọ bá kì í sì í ṣe àjèjì sí wọn. Ní 430, ọdún mẹ́ta péré sẹ́yìn, ọkọ̀ 50 láti Chios àti Lesbos bá Pericles lọ jagun. Atukọ̀ tọ̀tún tòsì ti jọ wà lójú omi kan náà.

Lórí òkè, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí gbogbo wọn ń bínú sí ohun kan náà, ọwọ́ téèyàn nà sókè kò wúwo. Nínú ọkọ̀, ọwọ́ yẹn kan náà ló ń fa ikú lọ sí èbúté, ìfà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí mo rò pé ó mú wọn rọra nìyẹn. Àwọn tó dá ẹjọ́ àtàwọn tó ń gbé ẹjọ́ lọ kò jìnnà síra wọn, àwọn kan tilẹ̀ lè jẹ́ ẹnì kan náà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Paches ti ka àṣẹ náà, ó ti ń múra láti mú un ṣẹ, kí ọkọ̀ kejì tó wọ èbúté. Díẹ̀ ló kù.

Gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ló ń yin ọkọ̀ kejì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ yára, òkú ni èkejì ì bá bá, láìka gbogbo ọkà bálì àti wáìnì yẹn sí. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹ̀bùn fún àwọn atukọ̀ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Síbẹ̀ ìbò tiwọn náà ni wọ́n dì lójú omi yẹn. Ìpinnu ìlú kò parí nígbà tí ọwọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí Pnyx; ó ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n fi rán.

Ibi tí àánú náà mọ

N kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka èyí kó rò pé Mitilénì bọ́ lófo. Àwọn tí Paches ti kó ránṣẹ́ sí Áténì, Cleon dá àbá kí wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Ó lé díẹ̀ ní 1,000 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé Thucydides. Wọ́n wó odi ìlú. Wọ́n gba ọkọ̀ ogun wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ erékùṣù náà sí ọ̀nà 3,000, àyàfi ti ìlú Methymna tí kò dìtẹ̀. Wọ́n fi 300 fún àwọn òrìṣà, wọ́n sì ṣẹ́ kèké pín ìyókù fún àwọn ọmọ Áténì. Àwọn tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ mínà méjì owó fàdákà lọ́dọọdún lórí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ìṣákọ́lẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá, a mọ ohun tó ń ṣe sí ojú èèyàn. Ìlú tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni jọba lé òun lórí ló di onílẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí báyìí. Pericles pàápàá ti sọ fún wọn kó tó kú pé ìjọba wọn lórí àwọn ìlú yòókù dà bí ti afipájọba, bó bá tilẹ̀ jẹ́ àìtọ́ láti gbà á, ewu ni láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní Áténì fúnra rẹ̀, obìnrin kò nawọ́, ẹrú kò nawọ́, àlejò tó ti gbé ibẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ kò nawọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ nípa Áténì, kó kọ́ ọ ní gbogbo èyí papọ̀.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn

Mo kọ́kọ́ rò pé àkókò ló gba Mitilénì là, pé bí a bá ti fún èèyàn láyè láti sun ọ̀rọ̀ mọ́jú, ọkàn wọn á rọ̀. Ìtàn Scione kò jẹ́ kí n lè dúró lórí ìyẹn. Ní 423, ìlú Scione kúrò lẹ́yìn Áténì. Cleon dá irú àbá kan náà, wọ́n nawọ́ sí i. Ó di 421 kí ọwọ́ wọn tó tẹ ìlú náà. Cleon ti kú nígbà náà. Wọ́n ní odidi ọdún méjì láti tún un rò, síbẹ̀ wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n kó obìnrin àti ọmọ lẹ́rú. Ní erékùṣù Melos náà, ní 416, ohun kan náà ni wọ́n ṣe, kò sì sí ọkọ̀ kejì.

Ní 406, lẹ́yìn ogun ojú omi ní Arginusae, ìjì kò jẹ́ kí wọ́n kó àwọn atukọ̀ tí ọkọ̀ wọn rì. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gágun tó ṣẹ́gun ọ̀hún, wọ́n sì fẹ́ dá ẹjọ́ ọ̀gágun mẹ́jọ pọ̀ pẹ̀lú ìbò kan. Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí, wà lára àwọn tó ń darí ìpàdé lọ́jọ́ náà, ó sì kọ̀ pé òun kò ní lọ́wọ́ sí ohun tó tàpá sófin. Wọ́n dìbò pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ta ko ìbò náà, wọ́n tún un dì, èkejì ló burú. Wọ́n pa mẹ́fà tó wà nílé. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n kábàámọ̀ tí wọ́n sì ń wá àwọn tó tì wọ́n sí i.

Kì í ṣe ìbò kejì fúnra rẹ̀ ni ìwòsàn nígbà náà, kì í sì í ṣe àkókò nìkan. Ní Mitilénì, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà máa pa ní ẹnu nínú ìlú tó ń dá ẹjọ́: ikọ̀ wọn wà níbẹ̀, wọ́n lọ kanlẹ̀kùn, àwọn aláṣẹ sì ṣí i. Ní Scione, n kò rí ẹni tó kàn án. Áténì fúnra rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ nígbà tó yá. Nígbà tí wọ́n tún ìjọba tiwa-n-tiwa gbé dìde ní 403, wọ́n fi sínú òfin pé kò sí àṣẹ ìpàdé kankan tó lè borí òfin. Bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó lórí òkè, nǹkan kan wà tó ga ju ọwọ́ tí wọ́n nà sókè lọ́jọ́ kan lọ.

Láti Pnyx dé Àbújá

Ní 1788, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí ìwé òfin wọn tuntun, James Madison, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ìwé òfin náà, lo Áténì láti fi ṣe ẹ̀rí pé ó yẹ kí Ilé Sẹ́nétọ̀ wà. Ó ní ká ní Áténì ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìgbóná ọkàn ara wọn ni, wọn ì bá má fún èèyàn kan náà ní májèlé lónìí kí wọ́n tó gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ lọ́la. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí a bá wo Arginusae àti Socrates, ẹni tí Áténì fún ní májèlé mu nígbà tó yá. Àmọ́ mo fẹ́ kó wo Mitilénì náà, níbi tí àwùjọ kan náà, láìsí ilé aṣòfin kejì kankan, ti dá ara wọn lẹ́kun láàárín ọjọ́ kan. Madison gbà pé àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ ló yẹ kó máa dá ogunlọ́gọ̀ dúró. Ohun tí mo rí ní 427 ni pé mẹ̀kúnnù lè dá ara wọn dúró, bí ilẹ̀kùn bá wà tí wọ́n lè gbà padà wọlé.

Ìlànà Amẹ́ríkà yẹn ni Nàìjíríà mú ní 1979, òun náà ló sì wà nínú ìwé òfin 1999: ilé aṣòfin méjì. Ìlànà iṣẹ́ àwọn ilé náà sì ni pé àbá òfin gbọ́dọ̀ gba kíkà ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdí tí kíkà fi jẹ́ mẹ́ta ni kí ẹni tó ń bínú lè sinmi, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè gbọ́ kó sì wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Aṣojú-ṣòfin ka àbá òfin tó yí orin orílẹ̀-èdè wa padà ní kíkà àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di òfin. Orin kì í pa èèyàn, n kò sì kọ èyí nítorí orin. Ilé kan náà, ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń ṣòfin lórí ẹ̀wọ̀n, lórí ilẹ̀, lórí ogun àti lórí ikú. Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kò ju ohun tí Mitilénì rí gbà ní Áténì lọ: kí òru kan wà láàárín ìbò àti ìbò, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí òfin náà máa kàn lè rọ́nà dé ẹnu ọ̀nà wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.